Ta ló pa LIAT, tí Air Peace fi lọ gbé e?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ará. Bọ̀dá kan wà níbi iṣẹ́ wa ní London níbí, ọmọ Antigua ni, ìyá ẹ̀ ń gbé ní Dominica, erékùṣù ní Caribbean ni méjèèjì. Látìgbà tó ti gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni mí ni kò ti jẹ́ n gbádùn mọ́, ó ní Air Peace tiwa ti lọ gbé òkú sọ́rùn. Ilé-iṣẹ́ bàálù kan tí wọ́n ń pè ní LIAT, tó ń ná àárín àwọn erékùṣù yẹn, ni òkú ọ̀hún, ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kú kí àwa tó dé. Mo lọ kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orí mi tún dàrú sí i. Ẹni kan á ní kòrónà ló pa á, ẹlòmíì á ní àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀lẹ ni, ẹlòmíì á ní olóṣèlú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, kí ló pa á gan-an, ṣé owó Air Peace sì lè jí i? Ẹ dákun, ẹ jẹ́ n rí nǹkan fi dá a lóhùn ní Mọ́ńdè.

* * *

Kòrónà kọ́. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ìyẹn kí n tó fìdí kalẹ̀.

Mo ṣe nọ́ọ̀sì ní erékùṣù St Vincent láti 2016 títí di 2020. Bí mo ṣe débẹ̀ báyìí ni àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ti ń sọ̀rọ̀ LIAT bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àgbàlagbà tó ti wà lórí àìsàn tipẹ́, tí gbogbo ilé ń bú, tó sì jẹ́ pé òun náà ni gbogbo ilé ń gbójú lé. Kòrónà kàn bá a lórí ẹní ni.

Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dáa o. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Frank Delisle ló dá a sílẹ̀ ní Montserrat ní 1956, Piper Apache kan ṣoṣo ló fi bẹ̀rẹ̀, bàálù kékeré tó jẹ́ pé tí èrò mẹ́ta bá ti jókòó ti awakọ̀, ó ti kún nìyẹn. Montserrat sí Antigua ló ń ná. Ọ̀nà yẹn ò ju nǹkan bíi kìlómítà 43 lọ, kò tó Èkó sí Ṣàgámù, ṣùgbọ́n òkun ló wà láàárín, òkun ò sì ní títì. Leeward Islands Air Transport ni wọ́n sọ ọ́, ibẹ̀ ni LIAT ti jáde.

Ó dàgbà, ó ń kó bàálù tó tóbi sí i wọlé. Nígbà tó di 1971, ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Court Line, àwọn tó ń kó èèyàn lọ gbafẹ́ lẹ́yìn odi, wá ra èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, ìdá 75 nínú 100. Oṣù kẹjọ 1974, Court Line wó lójijì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́hùn-ún, ó sì fẹ́ wó LIAT mọ́ ara ẹ̀. Ìjọba erékùṣù 11 ló kówó jọ tí wọ́n fi gbà á kalẹ̀, wọ́n wá sọ ọ́ ní LIAT 1974. Ikú àkọ́kọ́ tí bọ̀dá yẹn ń wí nìyẹn. Kò purọ́.

* * *

Mo ti rí èsì ẹni tó ní òṣìṣẹ́ ọ̀lẹ ló pa á, tó ní wọ́n ń sọ ẹrù nù, wọn kì í gbéra lásìkò, wọ́n fẹ́ràn ìyanṣẹ́lódì. Ṣé kí n purọ́ fún yín ni? Àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ló fi orúkọ ẹ̀ ṣeré, wọ́n ní ìtumọ̀ LIAT ni Leave Island Any Time, pé ìgbà tó bá wù ú ló máa kúrò ní erékùṣù. Àwọn míì ní Luggage In Another Terminal, pé báàgì rẹ wà ní ibòmíì. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọdé, mo gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀ lórí pẹpẹ.

Ọdún 2013 ló burú jù. Wọ́n ń kó àwọn bàálù Dash 8 tó ti gbó kúrò, wọ́n ń kó ATR tuntun wọlé, owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ báǹkì ìdàgbàsókè Caribbean ni wọ́n fi ra lára ẹ̀, mílíọ̀nù 65 owó dọ́là. Nǹkan tó dáa ni. Àmọ́ àsìkò ìsinmi, ìgbà tí èrò pọ̀ jù lọ, ni wọ́n ń ṣe é, awakọ̀ tó ti kọ́ ATR ò tó, Dash 8 ò sì tó mọ́. Odindi oṣù ni gbogbo nǹkan fi dàrú. Ọdún yẹn kan náà ni ọkùnrin kan kọ lẹ́tà sí wọn, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n fi òun yí gbogbo Caribbean po, pé éápọ́ọ̀tù mẹ́fà lòun dé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Richard Branson, ọlọ́rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dá ilé-iṣẹ́ bàálù Virgin sílẹ̀, rí lẹ́tà ọ̀hún, ó pín in kiri, gbogbo ayé rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá LIAT nígbà náà, Ian Brunton, kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn.

Ẹ wò ó, nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, èwo ni ti ẹni tó ń gbé báàgì? Èwo ni ti ọmọbìnrin tó wà ní káńtà? Àwọn tó wà lókè ló yan àsìkò, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló ń gba èébú. Ti ìyanṣẹ́lódì, bẹ́ẹ̀ ni, ẹgbẹ́ awakọ̀ wọn le, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn ò san owó fún lásìkò, kí lẹ fẹ́ kó ṣe, kó máa kọrin ni?

* * *

Ẹ jẹ́ n yà díẹ̀ o, ìtàn Montserrat wọ̀ mí lọ́kàn.

Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo rò pé LIAT ni mo máa wọ̀, ṣebí ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Ẹni tó wà ní káńtà ní Antigua rẹ́rìn-ín, ó ní LIAT ò débẹ̀ mọ́ ó ti pẹ́. Òkè oníná tó wà níbẹ̀, Soufrière Hills, ló bú ní 1997 tó ba éápọ́ọ̀tù wọn jẹ́. Ọdún 2005 ni wọ́n tó ṣí tuntun sórí òkè ní Gerald's, ibi tí bàálù ń sá lé níbẹ̀ sì kúrú débi pé àwọn bàálù LIAT ò lè bà á. Ilé bàbá ẹ̀ nìyẹn o, kò lè wọlé mọ́.

Islander ni mo wá wọ̀, bàálù kan báyìí tí ilẹ̀kùn ẹ̀ dà bíi ti mọ́tò. Wọ́n gbé báàgì mi sórí ìwọ̀n, wọ́n ní kí èmi náà gorí ìwọ̀n, níwájú gbogbo èèyàn. Ọkùnrin yẹn wo nọ́ńbà, ó wò mí, ó kọ ọ́ sílẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Ìwọ̀n ni wọ́n fi ń pín àga, bí mo ṣe bá ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ nìyẹn, ọwọ́ ìtukọ̀ kejì wà níwájú ikùn mi gan-an, mo ká ẹsẹ̀ mi jọ bí ẹni tó wà nílé àna. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tá a fi débẹ̀. Kí n tó ka Sáàmù tí mo bẹ̀rẹ̀ tán, a ti ń sọ̀kalẹ̀.

Ogún ìṣẹ́jú yẹn ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Òun ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé ìyókù.

* * *

Ó dáa, a ti padà. Ẹni kan ní tí LIAT bá gbówó lé tíkẹ́ẹ̀tì bó ṣe yẹ, kò ní kú. Èmi ò gbà.

Bàálù tó ń fò wákàtí mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀kan ló gbéra, ẹ̀ẹ̀kan ló balẹ̀. LIAT á gbéra ní Barbados láàárọ̀, á balẹ̀ ní St Vincent, á gbéra, á balẹ̀ ní St Lucia, á gbéra, Dominica, á gbéra, Antigua. Bí mólùè ni. Àwọn tí kò tíì débi tí wọ́n ń lọ á jókòó síbẹ̀, òṣìṣẹ́ inú bàálù á máa ka orí wọn, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, kí tuntun tó wọlé. Ìgbéra lohun tó ń jẹ epo jù. Ẹ́ńjìnnì, táyà àti bíréèkì, iye ìgbà tí bàálù gbéra tó sì balẹ̀ ni wọ́n ń kà fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í ṣe kìlómítà. Ẹ wá fi atẹ́gùn òkun oníyọ̀ kún un, tó ń jẹ irin lójoojúmọ́. Gbogbo ìyẹn, nítorí àga bíi 48 sí 68, tó jẹ́ pé ọjọ́ Túsìdeé ìdajì ẹ̀ ló kún.

Ó wá kan owó orí. Erékùṣù kọ̀ọ̀kan, orílẹ̀-èdè ni. Ẹni tó kúrò ní ọ̀kan lọ sí èkejì ti jáde ní orílẹ̀-èdè nìyẹn, ìjọba ibí á gba tiẹ̀, éápọ́ọ̀tù á gba tiẹ̀, tọ̀hún náà á gbà. Lórí ọ̀nà kúkúrú, gbogbo ẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó bàálù fúnra ẹ̀. Mo rántí nọ́ọ̀sì kan tá a jọ wà ní wọ́ọ̀dù, ọmọ ẹ̀ ń kàwé ní yunifásítì Cave Hill ní Barbados. Ó tẹ́ rìsíìtì sórí tábìlì, ó fi bírò fa ìlà sábẹ́ owó bàálù, ó fa ìlà míì sábẹ́ owó orí, ó ní, "Sísítà, wo èyí, èwo ni mo rà níbẹ̀?" Àwọn ìjọba tó ń pariwo pé tíkẹ́ẹ̀tì LIAT ti wọ́n jù náà ló ń gba ìdajì kejì.

Tẹ́ ẹ bá gbówó lé e sí i, ta ló máa wọ̀ ọ́? Ìyá tó ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò láti Dominica lọ tà? Aláìsàn tí wọ́n fẹ́ gbé lọ ọsibítù ńlá ní Barbados? Àwọn tó ń wọ LIAT kọ́ ni àwọn òyìnbó tó ń bọ̀ wá sùn sétí òkun, bàálù ńlá ń gbé ìyẹn tààrà láti London àti Miami.

* * *

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé. Erékùṣù tí LIAT ń balẹ̀ sí ju 15 lọ láyé ìgbà kan. Àwọn wo ló ń sanwó? Mẹ́rin péré ló rù ú dé òpin: Barbados, Antigua, St Vincent àti Dominica. Barbados nìkan ní fẹ́rẹ̀ẹ́ ìdajì, Antigua ní nǹkan bí ìdá 34 nínú 100. St Lucia ńkọ́? LIAT ń balẹ̀ síbẹ̀, kò dá kọ́bọ̀. Àwọn bàbá wa ní àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní, ti èyí tún yàtọ̀, wọ́n ní, wọn ò kàn fẹ́ mú un wá ni.

Ẹ má rò pé àwọn mẹ́rin yẹn náà jẹ́ ènìyàn mímọ́ o. Gbogbo olóòtú ìjọba ló fẹ́ kí bàálù àárọ̀ kọ́kọ́ dé tòun. Tí wọ́n bá fẹ́ gé ọ̀nà tó ń jẹ owó kúrò, ó pẹ́ tán ọjọ́ kẹta fóònù á dún. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ní kó ṣe bíi bọ́ọ̀sì ìjọba láàárọ̀, tí wọ́n á tún bi í léèrè èrè lálẹ́. Ní 2019 wọ́n tiẹ̀ dá a lábàá pé kí ìjọba tó bá fẹ́ kí LIAT máa wá sọ́dọ̀ òun fi owó ṣe ìdúró, pé tí èrò ò bá pé, kí ìjọba dí i. Àwọn kan gbà, àwọn kan ṣojú fúrú. Ọdún yẹn kan náà ni Barbados, lábẹ́ Mia Mottley tó jẹ́ olóòtú ìjọba wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa ra ìpín tòun.

Ìdí tí mo fi ní kòrónà kọ́ nìyẹn. Ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ni ìdajì ilé ti ń kó ẹrù ẹ̀ síta kí iná tó ràn.

* * *

Sí ẹni tó ní "kí ni ìjọba ń ṣe nídìí bàálù, kí wọ́n jẹ́ kí oníṣòwò bá a díje": wọ́n ti dán an wò, ẹ̀gbọ́n. Ní 2000 ọlọ́rọ̀ ará Amẹ́ríkà kan tó fi Antigua ṣe ibùjókòó, Allen Stanford, gbé Caribbean Star kalẹ̀. Bàálù ẹ̀ dáa, owó ẹ̀ wálẹ̀, LIAT náà bá gé owó tiẹ̀ wálẹ̀, àwọn méjèèjì ń pàdánù lójú kan náà, àwọn èrò ń jayé. Títí di òní, àwọn ará ibẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀ ìgbà yẹn bí ẹni ń sọ ti ayé ìjọba àná. Ní 2007 ó rẹ Stanford, LIAT gba Caribbean Star mọ́ra, owó tíkẹ́ẹ̀tì sì fò sókè.

Ibo ni owó tí Stanford fi ń gé tíkẹ́ẹ̀tì wálẹ̀ ti ń wá? Ní 2009 ni wọ́n mú un, jìbìtì tó lé ní bílíọ̀nù dọ́là méje, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n ọdún 110 ní 2012. Ìdíje tẹ́ ẹ ń wí nìyẹn.

* * *

Ikú kejì wá. Oṣù kẹta 2020, gbogbo éápọ́ọ̀tù ti. Bàálù mẹ́wàá ló kù lọ́wọ́ LIAT, méje jẹ́ ti àyálò, owó àyálò ò sì mọ̀ pé kòrónà dé. Mẹ́ta tó jẹ́ tiwọn, báǹkì tó yá wọn lówó ló di ìwé ẹ̀ mú. Oṣù kẹfà, àwọn tó ni ín sọ pé kí wọ́n pa á rẹ́. Gaston Browne, olóòtú ìjọba Antigua, ní rárá, ibẹ̀ ni olú iléeṣẹ́ wà, àwọn èèyàn ẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n gbé e sí ọwọ́ alábòójútó tí ilé ẹjọ́ yàn ní oṣù keje, ó tún ń rá fò díẹ̀díẹ̀ láti ìparí ọdún yẹn títí di oṣù kìíní 2024, ó wá dákẹ́ pátápátá.

Àwọn òṣìṣẹ́ ló jẹ ìyà yẹn. Awakọ̀ tó ti fò ó lọ́gbọ̀n ọdún, wọn ò rí owó tó tọ́ sí ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Antigua ní òun máa fún wọn lápá kan, owó díẹ̀, bọ́ǹdì díẹ̀, ilẹ̀ díẹ̀. Àwọn kan gbà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ẹ̀gbin ni. Ẹ̀yin tí bàbá yín ṣiṣẹ́ ní Nigeria Airways tó kú ní 2003, ẹ ò nílò àlàyé mi.

Ní 2022 mo padà lọ fún ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi ní Dominica. Nígbà tí mo ń gbé ibẹ̀, St Vincent sí Dominica ò tó nǹkan. Lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ méjì. Bàálù kan tí mi ò ní dárúkọ gbé mi dé Barbados, wọ́n ní èyí tó kàn ti fagi lé, mo sùn lórí àga, ìró àti bùbá ìgbéyàwó wà nínú báàgì tí mi ò rí títí ìgbéyàwó fi tán. Jíńsì ni mo fi dúró ti ìyàwó. Ìyá ìyàwó wò mí tẹsẹ̀ torí, ó mi orí, ó ní, "LIAT ì bá gbé ọ dé." Obìnrin tó ti bú LIAT lójú mi ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ!

* * *

Ti Air Peace wàyí. Ẹ kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Antigua Airways tó gbéra láti Nàìjíríà ní ìparí 2022 kì í ṣe LIAT. Ọ̀rọ̀ tìyẹn ló wọ inú ti àwọn ọmọ Cameroon tí bàálù gbé dé Antigua tí wọn ò rí ọ̀nà lọ, tí ọkọ̀ ojú omi kan sì dojú dé pẹ̀lú àwọn kan nínú wọn ní oṣù kẹta 2023. Ẹ má da àwọn méjèèjì pọ̀, mo ti rí i tí ẹni mẹ́ta ṣe bẹ́ẹ̀ lókè yìí.

LIAT20 ni tuntun. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹjọ 2024, ìjọba Antigua ló ni ìdá 30 nínú 100, Air Peace ti Allen Onyema ló ni 70. Ilé-iṣẹ́ tuntun ni lójú òfin, gbèsè ti àtijọ́ ò tẹ̀ lé e. Torí náà kí bọ̀dá yẹn yé sọ pé òkú la rà. Orúkọ la rà.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ni bàálù tí wọ́n kọ́kọ́ kó wá. Embraer 145 ni, jẹ́ẹ̀tì alága 50. Ẹ̀gbọ́n kan níbí ní jẹ́ẹ̀tì yá ju oní-fáànù lọ. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n lórí ogún tàbí ogójì ìṣẹ́jú, ìgbà wo ló fẹ́ sáré? Kó tó gòkè débi tí epo ẹ̀ ti ń dínkù, ó ti tó kó sọ̀kalẹ̀. ATR tí LIAT ń lò, fáànù ẹ̀ ń yí gbììrì gbììrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, etí á fẹ́rẹ̀ẹ́ di, àmọ́ epo tó ń mu kéré gan-an sí ti jẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó kọ́kọ́ fò níbẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Tó bá jẹ́ pé jẹ́ẹ̀tì yẹn ni wọ́n fẹ́ fi so ọ̀nà jíjìn pọ̀, bíi Antigua sí Jàmáíkà, tí wọ́n á wá fi oní-fáànù ṣe ti àárín erékùṣù, mo gbà. Tó bá jẹ́ òun ni wọ́n fẹ́ fi máa ṣe mólùè, áà.

Owó orí ṣì wà níbẹ̀. St Lucia ṣì wà níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan tí Onyema lè ṣe sí ìyẹn láti Ìkẹjà.

Ó dáa, ní Mọ́ńdè, sọ fún bọ̀dá pé o gbà, ó kú lẹ́ẹ̀mejì, kòrónà kọ́ ló pa á, báàgì kọ́ ló pa á, èèyàn mẹ́rin ló ń sanwó oúnjẹ tí gbogbo àdúgbò ń jẹ. Tó bá ṣì ń rẹ́rìn-ín, bi í pé nígbà tí ìyá ẹ̀ fẹ́ wá kí i ní Antigua nígbà Kérésì, kí ló wọ̀, ọjọ́ mélòó ló sì lò lójú ọ̀nà. Kó o wá bá wa gbé èsì ẹ̀ wá síbí.